Aràn tó ń pa ìdin inú ilẹ̀: bí a ṣe ń lò ó lábẹ́ máńgòrò àti ọsàn ní ìwọ̀-oòrùn Kogí

Ìdin tí ẹ rí nínú máńgòrò tó já bọ́ kì í parí ayé rẹ̀ síbẹ̀. Tó bá ti yó, á ta jáde, á wọ ilẹ̀ lábẹ́ igi náà gan-an, níbi tí kì í sábà jìn ju ìka mẹ́ta lọ, á sì di kóro aláwọ̀ ilẹ̀ kan tó dà bí ẹyọ ìrẹsì. Lẹ́yìn bí ọjọ́ mẹ́wàá sí méjìlá, eṣinṣin tuntun á yọ láti inú kóro yẹn, á fò padà sórí igi. Oògùn tí a bá fún sórí ewé kì í dé ibi tó sá sí yìí. Nẹ́mátóòdù, aràn tín-ín-rín tó ń pa kòkòrò, ń dé ibẹ̀, nítorí inú ilẹ̀ ni ilé tirẹ̀ náà.

Nẹ́mátóòdù tí à ń sọ kì í ṣe èyí tó ń ba iṣu jẹ́ nínú abà, kì í sì í ṣe èyí tó ń mú gbòǹgbò tòmátì wú kókó-kókó. Ọ̀gbìn ni àwọn yẹn ń jẹ. Kòkòrò nìkan ni oúnjẹ tiwa, kò lè fọwọ́ kan gbòǹgbò. Ìdílé méjì ló wúlò fún àgbẹ̀: Steinernema àti Heterorhabditis. Gígùn wọn kì í sábà ju mìlímítà kan lọ. Èyí tó ń rìn kiri nínú ilẹ̀ nínú wọn kì í jẹun, kòkòrò ló ń wá. Tó bá ti bá a, á gba ẹnu, ihò ìdí tàbí ihò ìmí rẹ̀ wọlé. Heterorhabditis tún ní eyín kan tó fi ń la awọ tó bá rọ̀. Bó ṣe wọlé tán, á tú bakitéríà tó gbé sínú wá sínú ẹ̀jẹ̀ kòkòrò náà, bakitéríà yìí ló sì ń pa á láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Aràn á jẹ òkú náà, á bímọ sínú rẹ̀, àwọn ọmọ náà á bímọ, kí ẹgbẹẹgbẹ̀rún tó tú jáde lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Kò ṣe ènìyàn, ewúrẹ́, adìẹ tàbí ekòló ní nǹkan kan.

Ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ àti ibi tí kò ti ṣiṣẹ́

Ní ilẹ̀ Òkun, ní ìwọ̀-oòrùn Kogí yìí, ẹni tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ aràn yìí, kajú ni ọkàn rẹ̀ kọ́kọ́ ń lọ sí. Àwọn kòkòrò tó ń da kajú láàmú jù, orí igi ni wọ́n ń gbé: èyí tó ń gé ẹ̀ka lulẹ̀, èyí tó ń fa omi ọ̀mùnú ewé àti òdòdó. Aràn inú ilẹ̀ kò lè débẹ̀. Ikán ńkọ́? Bí ẹ bá kó ikán àti aràn pọ̀ sínú ìgò, ikán á kú. Nínú oko, ọ̀tọ̀ ni: ikán á mọ odi dí ibi tí àwọn aláìsàn wọn wà, wọ́n á sì kó kúrò níbẹ̀. A kì í gba ẹnikẹ́ni níyànjú kó náwó lé aràn nítorí ikán. Kòkòrò tó ń lu ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà, inú kùkùté ló wà, dída aràn sórí ilẹ̀ lásán kì í bá a.

Ohun tó kan kajú nínú ọ̀rọ̀ yìí ni èso rẹ̀. Láti Kàbbà dé Ìsánlú, kóró ni a ń ṣà, a ń fi èso sílẹ̀ kó jẹrà lábẹ́ igi. Eṣinṣin èso tó ti Éṣíà wá, Bactrocera dorsalis, tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní ilẹ̀ Áfíríkà ní Kẹ́ńyà lọ́dún 2003, ń yé ẹyin sínú èso kajú pẹ̀lú. Nítorí náà, kí máńgòrò tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, eṣinṣin ti ń bí sí i lábẹ́ kajú láti oṣù kejì. Ẹni tó ní máńgòrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kajú, abẹ́ kajú ni kó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ibi méjì ni aràn yìí ti ń sanwó rẹ̀ padà. Àkọ́kọ́ ni ìdin eṣinṣin èso lábẹ́ máńgòrò, ọsàn àti gúrọ́fà, lákòókò tó ń wọ ilẹ̀. Tó bá ti di kóro, awọ rẹ̀ ti le, aràn kò fi bẹ́ẹ̀ rí ọ̀nà wọlé mọ́, nítorí náà aràn gbọ́dọ̀ ti wà nínú ilẹ̀ kí ìdin tó já. Èkejì ni ìdin funfun olórí pupa tó máa ń ká kò, tó ń jẹ gbòǹgbò irúgbìn nínú ọ̀rá ìfúnrúgbìn. Èyí tó ṣì kéré máa ń kú; èyí tó ti tóbi tó àtàǹpàkò ṣòro pa.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ gbẹ́lẹ̀ wò. Ẹ fi ọkọ́ gé ilẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú lóròó, kó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 10, ní ibi mẹ́rin lábẹ́ igi kan, ẹ jọ̀ ọ́ sórí ọ̀rá funfun. Tí ẹ kò bá rí ìdin tàbí kóro kankan lábẹ́ igi márùn-ún tí èso rẹ̀ ń já, ìṣòro yín kò sí nínú ilẹ̀.

Ibi tí a ti ń rí aràn

Wọ́n ń tà á nílẹ̀ òkèèrè, nínú ìyẹ̀fun tàbí lẹ́búlẹ́bú tó tutù. Ohun ẹlẹ́mìí ni, nítorí náà kò gbọdọ̀ wọlé láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ NAQS, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàyẹ̀wò ohun ọ̀gbìn àti ẹran tó ń wọ orílẹ̀-èdè wa. Ó tún gbọ́dọ̀ wà nínú òtútù láti pápákọ̀ òfuurufú títí dé oko, ọ̀nà Lọ́kọ́ja sí Kàbbà nínú bọ́ọ̀sì ọ̀sán kò sì tutù. Ìdí mìíràn tí a kò fi fẹ́ràn rẹ̀ ni irú tó wà nínú páálí náà. Steinernema feltiae tí wọ́n ń tà fún ilẹ̀ tútù ń ṣiṣẹ́ dáadáa láàárín 10 sí 25 °C, ilẹ̀ wa sì ń gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá máa rà, Heterorhabditis indica, tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní Íńdíà, tàbí Steinernema riobrave, tí wọ́n rí ní Texas, ni kí ẹ béèrè fún.

Èyí tó dára jù ni kí ẹ mú èyí tó ti ń gbé inú ilẹ̀ yín tẹ́lẹ̀. Ooru ilẹ̀ wa ti mọ́ ọn lára. Ìdin tó ń jẹ afárá oyin, Galleria mellonella, la fi ń mú un, àwọn tó ń sin oyin sì mọ̀ ọ́n dáadáa nítorí ó ń ba ilé oyin jẹ́. Ẹ gba afárá àtijọ́ tó ti ní ìdin lọ́wọ́ wọn. Ẹ má sin ìdin yìí nítòsí ilé oyin ẹnikẹ́ni.

1. Ẹ bu ilẹ̀ láti ibi tó ní ìbòòji tó sì tutù: ìdí igi èso tó ti pẹ́, etí igbó, ẹ̀bá odò. Kó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20. Ẹ bù ú níbi márùn-ún, ẹ pò ó pọ̀, ẹ mú bí ife ńlá méjì nínú rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti da oògùn kòkòrò sílẹ̀ lọ́dún yìí, ẹ fò ó. Ẹ bu ti ibi mẹ́wàá ó kéré tán lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní mú nǹkan kan jáde.

2. Ẹ da ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan sínú ike oníderí. Ẹ wọ́n omi sí i díẹ̀: tí ẹ bá fún un lọ́wọ́, kó dì mọ́ra, kí omi má kán. Ẹ fi ìdin afárá márùn-ún sí i, ẹ dé e, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀. Kó wà nínú yàrá tó ní ìbòòji, níbi tí ooru kò ju 28 °C lọ.

3. Láti ọjọ́ kẹta, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ méjì-méjì. Òkú tó pupa bíi bíríkì jẹ́ ti Heterorhabditis. Èyí tó ní àwọ̀ eérú tàbí àwọ̀ ilẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ lè jẹ́ ti Steinernema. Òkú tó dára máa ń rọ̀ ṣùgbọ́n kì í rùn. Èyí tó dúdú tó ń rùn, bakitéríà lásán ló pa á. Èyí tó bu funfun tàbí àwọ̀ ewé, olú ló pa á. Ẹ kó méjèèjì dànù.

4. Ẹ ṣan òkú tó dára nínú omi mímọ́. Ẹ dojú àwo pẹrẹsẹ kékeré kan bo inú abọ́, ẹ tẹ́ tíṣù funfun lé e kí etí rẹ̀ kan omi, ẹ tò òkú sórí tíṣù náà. Omi inú abọ́ kò gbọdọ̀ jìn ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ, kò sì gbọdọ̀ kan òkú. Láàárín ọjọ́ 8 sí 15 lẹ́yìn tí ìdin kú, aràn á máa sọ̀ kalẹ̀ sínú omi, omi á sì dà bí ẹni pé wọ́n kán wàrà sí i.

5. Ẹ fi omi yẹn sórí ìdin afárá tuntun mẹ́wàá lórí tíṣù tútù. Ẹ má fo èyí. Nínú ilẹ̀, aràn mìíràn wà tó jẹ́ pé òkú tó ti ń jẹrà ló ń jẹ, kì í pa nǹkan, ó sì máa ń sọ̀ sínú omi bákan náà. Bí ìdin tuntun bá kú láàárín ọjọ́ mẹ́ta, tí wọ́n sì ní àwọ̀ kan náà, ẹ ti rí èyí tí ẹ ń wá.

Ìṣirò

Ìwọ̀n tí a ń lò kárí ayé ni aràn 25 lórí sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin kan, èyí tó jẹ́ 250,000 lórí mítà onígun mẹ́rin kan. Tí ẹ bá ní kí ẹ da á sórí héẹ̀kítà odindi, ẹ nílò bílíọ̀nù 2.5, àgbẹ̀ kékeré kò lè sin ìyẹn. Ṣùgbọ́n ìdin kì í já sáàárín ọ̀nà oko. Abẹ́ igi ló ń já sí. Igi tí ìbòòji rẹ̀ na mítà mẹ́ta láti ìdí, abẹ́ rẹ̀ jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 28, aràn tó nílò sì jẹ́ mílíọ̀nù 7. Òkú ìdin afárá kan tó dáńgájíá lè mú 100,000 aràn jáde, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá fi 100,000 ṣe ìṣirò, igi kan yóò gba òkú 70. Ogún igi, 1,400. Ẹ mọ iye ìdin tí ẹ lè sìn kí ẹ tó mọ iye igi tí ẹ máa ṣe. Igi mẹ́wàá tó jẹ aràn tó pé sàn ju ogójì igi tí a fi àbùlà tan jẹ lọ. Ọ̀rá irúgbìn tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 15, nǹkan bí 5,000 tó o.

Láti kà á, ẹ ro omi aràn dáadáa, ẹ fa mílílítà 1, ẹ dà á sínú 99 mílílítà omi, ẹ tún un rò, ẹ fa mílílítà 1 nínú èyí síbi àwo pẹrẹsẹ kan, ẹ kà á lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Tí ẹ bá ka 50, mílílítà kọ̀ọ̀kan omi àkọ́kọ́ ní 5,000, lítà kan ní mílíọ̀nù 5. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ ro iye rẹ̀ pọ̀, ẹ pín in sí mẹ́ta. Yàrá ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ilé ìwé gíráámà tàbí ilé ẹ̀kọ́ gíga tó sún mọ́ yín lẹ ti lè béèrè ẹ̀rọ yìí. Èyí tó ń yí ara wà láàyè. Irú Steinernema kan máa ń nà gbọnrangandan láìmira, nítorí náà ẹ fi irun kan tọ́ ọ kí ẹ tó pè é ní òkú. Tí èyí tó wà láàyè kò bá tó 80 nínú 100, ẹ fi kún ìwọ̀n tàbí kí ẹ sin tuntun.

Ẹ má pa á mọ́ pẹ́. Ẹ rẹ fóòmù mímọ́ sínú omi aràn, ẹ fún un díẹ̀, ẹ fi sínú ike tó ní ihò, kó wà ní 10 sí 15 °C, kò gbọdọ̀ di yìnyín. Níbi tí iná kò dúró, ẹ gbé ike náà sínú ìkòkò amọ̀ tó jókòó sínú yanrìn tútù, kí ẹ sì lò ó láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Heterorhabditis kì í pẹ́ bíi Steinernema.

Ọjọ́ tí a ó dà á

Ohun mẹ́ta ló ń pa aràn yìí: ọ̀gbẹlẹ̀, oòrùn àti ooru tó bá kọjá 35 °C. Ilẹ̀ gbalasa lóṣù kẹta lè kọjá 40 °C lójú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń dúró de òjò. Bí ẹ bá ní kí ẹ fi omi àfọwọ́pọn rọ́pò òjò, abẹ́ igi kan yóò gba nǹkan bí 140 lítà kí aràn tó wọlé dáadáa. Ta ni yóò pọn ọ́n?

Fún máńgòrò, ẹ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, tí èso àkọ́kọ́ tó ní ìdin sì ń já, èyí tó máa ń bọ́ sí oṣù kẹrin. Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin títí èso fi tán. Fún ọsàn, ẹ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àwọ̀ èso bá ń yí padà ní nǹkan bí oṣù kẹsàn-án, ẹ sì dáwọ́ dúró nígbà tí òjò bá dá. Nínú ọyẹ́, òfò ni.

Ilẹ̀ tún ní tirẹ̀. Ilẹ̀ tí yanrìn pọ̀ nínú rẹ̀ díẹ̀, irú èyí tó wọ́pọ̀ ní àyíká Kàbbà àti Ìyàrà, ló rọrùn fún aràn láti rìn nínú rẹ̀. Nínú amọ̀ àbàtà tó dì, kò lè rìn jìnnà.

Ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ẹ ṣa gbogbo èso tó já. Ẹ kó o sínú ọ̀rá dúdú, ẹ dì í lẹ́nu pinpin, ẹ gbé e sínú oòrùn fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ìdin inú rẹ̀ tó kú tán. Kíkó o jọ sí etí oko lásán kò wúlò. Ẹ ro koríko kúrò lábẹ́ igi, ṣùgbọ́n ẹ fi ewé gbígbẹ díẹ̀ bo ilẹ̀. Ẹ má da yúríà tàbí ìgbẹ́ adìẹ tútù síbẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú àti lẹ́yìn, àti pàápàá oògùn tí a fi ń pa nẹ́mátóòdù ọ̀gbìn, nítorí kò mọ ìyàtọ̀.

Lọ́jọ́ náà fúnra rẹ̀:

Ẹ fọ spréyà pẹ̀lú ọṣẹ lẹ́ẹ̀mẹta. Èyí tí ẹ fi fún oògùn kòkòrò tẹ́lẹ̀, ẹ má lò ó rárá tí ẹ bá rí òmíràn. Ẹ yọ gbogbo asẹ́ inú rẹ̀: ti ẹnu táǹkì, ti ọwọ́ àti ti ẹnu ìfúnmi, nítorí àwọn ibẹ̀ ni aràn ń há sí, omi lásán á sì máa jáde. Ẹ lo ẹnu tí ihò rẹ̀ tóbi. Agolo ìbomirin náà dára. Ẹ lo omi òjò, kànga tàbí bohóòlù. Omi ẹ̀rọ tó ní kílórínì, ẹ ṣí i sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, lórí ilẹ̀ tí òjò ti rẹ lọ́jọ́ náà tàbí lọ́jọ́ tó ṣáájú. Ẹ pò aràn mílíọ̀nù 7 sínú bí 30 lítà omi, tó jẹ́ táǹkì ẹ̀yìn 16 lítà méjì fún igi kan. Aràn ń rì sí ìsàlẹ̀, nítorí náà ẹ mi táǹkì ní ìṣẹ́jú mẹ́ta-mẹ́ta, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, apá kan abẹ́ igi á jẹ gbogbo rẹ̀, apá kejì á mu omi lásán. Ẹ má gbé táǹkì sí oòrùn, ẹ má sì jẹ́ kí àpòpọ̀ náà pẹ́ ju wákàtí méjì lọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti bí ẹsẹ̀ bàtà kan sí ìdí igi títí dé ibi tí ìbòòji rẹ̀ parí, ẹ jẹ́ kí ẹnu ìfúnmi sún mọ́ ilẹ̀. Kí ewé tó gbẹ, ẹ fi omi lásán fọ aràn sínú ilẹ̀, àyàfi tí òjò bá ti ń ṣú.

Ẹni tí kò ní spréyà lè ri òkú fúnra rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ mú òkú tó ti pé ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́jọ, tí aràn kò tíì jáde. Ẹ rì í ní ìka méjì sínú ilẹ̀ tútù, ẹsẹ̀ bàtà méjì sí ara wọn, ẹ bò ó kí èèrà má gbé e. Òkú 70 á kárí abẹ́ igi náà láìsí ìṣirò kankan mọ́.

Bí ẹ ó ṣe mọ̀ pé ó ṣiṣẹ́

Ẹ fi igi mẹ́ta sílẹ̀ láìdà nǹkan sí, kó jìnnà sí àwọn tí ẹ tọ́jú. Lọ́jọ́ kejì, ẹ fi ìdin afárá mẹ́ta-mẹ́ta sínú asẹ́ tíì onírin, ẹ so ó pa, ẹ rì í ní sẹ̀ǹtímítà 5 lábẹ́ igi kọ̀ọ̀kan. Ẹ hú u jáde lọ́jọ́ karùn-ún. Tí ìdin igi tí ẹ tọ́jú bá kú pẹ̀lú àwọ̀ tó yẹ, aràn wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá wà láàyè, ẹ wo asẹ́ spréyà, ooru táǹkì àti ìgbà tí òjò rọ̀ kẹ́yìn, lẹ́sẹẹsẹ bẹ́ẹ̀.

Èyí kò tíì sọ iye eṣinṣin. Ẹ fi àwọ̀n ẹ̀fọn bo ilẹ̀ mítà kan lábẹ́ igi, ẹ fi ilẹ̀ tẹ etí rẹ̀, ẹ ka eṣinṣin tó yọ sínú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ fi wé ti àwọn igi tí ẹ fi sílẹ̀. Bí iye inú àwọ̀n bá dínkù ṣùgbọ́n tí máńgòrò ṣì ń ní ìdin, ọ̀dọ̀ aládùúgbò ni eṣinṣin ti ń wá, nítorí eṣinṣin tó ti dàgbà máa ń fò jìnnà, aràn kò sì fọwọ́ kàn án. Ẹ lọ bá a sọ̀rọ̀ nípa èso kajú rẹ̀ tó ń jẹrà nílẹ̀.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ fi ìdin afárá tuntun sọ irú yín di ọ̀tun ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà-mẹ́fà, kó má bàa kú tán. Irú tó ti pẹ́ nínú ike ń rọ̀, kì í pa kíákíá mọ́. Tí ìdin bá ń pẹ́ ju ọjọ́ mẹ́ta lọ kó tó kú, ẹ dà á nù, ẹ tún lọ bu ilẹ̀ ní etí igbó nígbà tí òjò àkọ́kọ́ bá rọ̀.